Bí ìbéèrè kan ní Ilé Aṣòfin Porto-Novo ṣe hú ìwé kúráǹ abúlé kan ní Ìdìgní jáde

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Asístáǹtì dẹ́pútè kan, aṣòfin nìyẹn, ni mí ní Porto-Novo nílẹ̀ Benin, èmi ni mò ń tẹ lẹ́tà, èmi ni mò ń tọ́jú dósíẹ̀, èmi náà ni mò ń gba àlejò tí Onorábù ò bá sí ní ọ́fíìsì. Ọmọ Ketu sì ni mí. Mi ò ní dárúkọ abúlé náà, mi ò ní dárúkọ Onorábù, mi ò ní dárúkọ kọ́ńtíráátọ̀ tàbí àjọ tó gbéṣẹ́ fún un, torí ọ̀rọ̀ ò tíì tán nílẹ̀, àwọn àgbà abúlé sì ní kí n má fi orúkọ àwọn ṣeré. Ẹ sáà mọ̀ pé arrondissement Ìdìgní ni, nínú kọ́múnù Ketu, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ Ketu.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn wọ́n gbé kúráǹ sólà wọ abúlé náà, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ orí òrùlé ilé kọ̀ọ̀kan o, ti gbogbo ìlú ni, pánẹ́ẹ̀lì tò lọ bẹẹrẹ lórí ilẹ̀ tí wọ́n fi wáyà yí ká, yàrá kékeré onípáànù kan tí bátìrì wà nínú ẹ̀, pọ́tò, ìyẹn òpó iná, láàárín ìlú, mítà oníkáàdì nílé àwọn tó bá lè san owó àkọ́kọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i wọ́n lùlù, wọ́n pa ewúrẹ́, àwọn ọ̀gá wá láti Cotonou, wọ́n gé rìbọ́ǹ, wọ́n ya fótò, wọ́n lọ. Ó sì ṣiṣẹ́ dáadáa, ẹ má jẹ́ ká purọ́ mọ́ ọn. Mo débẹ̀ nígbà náà fún ìnáwó òkú, wẹ́dà kan ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, ẹnì kan ń gẹrun, àwọn obìnrin ń ta omi dídì fún àwọn tó ń ti oko bọ̀, ilé ìwòsàn náà ti ní fíríìjì tí wọ́n ń kó abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé sí, abẹ́rẹ́ yẹn ò sì gbọdọ̀ móoru ju ìwọ̀n 8 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, kò gbọdọ̀ tutù ju 2 lọ náà, tó bá kọjá ibẹ̀ ó lè di omi lásán.

Nígbà tó yá iná bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láago mẹ́wàá alẹ́. Wọ́n ní kò burú, ta ló ń ṣe kí ní aago mẹ́wàá. Ó di aago mẹ́jọ. Ó wá di pé bí oòrùn bá ti ń wọ̀ kúráǹ á bá a wọ̀, tílẹ̀ bá mọ́ á tún dé, wẹ́dà ṣì ń ríṣẹ́ ṣe lọ́sàn-án ṣùgbọ́n fíríìjì ilé ìwòsàn ò lè gbé òru mọ́, nọ́ọ̀sì bá kó abẹ́rẹ́ sínú kúlà ó gbé e lọ Ketu lórí zémìjàn, ọ̀kadà nìyẹn. Lẹ́yìn ìyẹn gbogbo ẹ̀ kú, tọ̀sán tòru.

Ẹ jẹ́ n dúró níbí díẹ̀ torí ibẹ̀ gan-an ni gbogbo ẹjọ́ yẹn wà. Pánẹ́ẹ̀lì kì í tètè kú, ó lè lo ogún ọdún sí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ẹ sáà máa fọ eruku ọyẹ́ kúrò lójú ẹ̀. Bátìrì ló ń kú. Èyí tí wọ́n kó síbẹ̀, bátìrì olójé ni, irú èyí tó wà nínú mọ́tò ṣùgbọ́n tó tóbi jù ú lọ, irú bátìrì yẹn ò fẹ́ kí wọ́n máa lò ó dé ìsàlẹ̀ pátápátá lóròòru, kò sì fẹ́ ooru. Àwọn onímọ̀ iná ní òfin kan tí wọ́n fi ń fojú díwọ̀n, pé tí yàrá bá fi ìwọ̀n 10 gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ̀mí bátìrì olójé á dín sí ìdajì. Yàrá onípáànù, kò sí fèrèsé gidi, nínú oṣù kẹta ní Ketu, ẹ̀yin náà ẹ rò ó. Ohun tí èèyàn ò sì mọ̀ ni pé irú ẹ̀rọ onduleur tí wọ́n gbé síbẹ̀, tó ń sọ kúráǹ bátìrì di èyí tí ilé ń lò, kò lè dá dìde láìsí bátìrì. Bátìrì bá kú tán, pánẹ́ẹ̀lì á wà nínú oòrùn ganrínganrín, kò sì ní sí iná fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyẹn tí ọ̀sán náà fi kú.

Ohun tí abúlé ń sọ yàtọ̀ pátápátá sí èyí. Wọ́n ní ńṣe ni wọ́n fa kúráǹ àwọn lọ. Ibo ni wọ́n fà á lọ? Illoulofin. Ẹ̀yin tẹ́ ò mọ̀ ọ́n, ní kọ́múnù Pobè ni, tòsí wa níbẹ̀, ibẹ̀ ni ìjọba ṣí ilé-iṣẹ́ sólà ńlá sí ní oṣù keje ọdún 2022, mẹ́gáwáàtì 25, àjọ ìdàgbàsókè AFD ti ilẹ̀ Faransé àti European Union wà lára àwọn tó gbé owó sílẹ̀. Èèyàn á ní ìlú Yorùbá ni, oòrùn ilẹ̀ wa ni wọ́n ń kórè níbẹ̀, kí ló dé tí àwa tí a wà lẹ́bàá ẹ̀ wà nínú òkùnkùn? Ọ̀rọ̀ yẹn dùn lẹ́nu, mi ò tiẹ̀ ní sọ pé kò ní ìdí kankan. Ṣùgbọ́n Illoulofin ń da kúráǹ tiẹ̀ sínú wáyà SBEE, iléeṣẹ́ iná ìjọba Benin, ni, òun àti Maria-Gléta 2 tó ń fi gáàsì ṣiṣẹ́, mẹ́gáwáàtì 127 láti 2019, àti èyí tó ń bọ̀ láti Nàìjíríà lórí wáyà ńlá Ikeja West sí Sakété láti 2007, ojú kan náà ni gbogbo wọn pàdé. Wáyà SBEE ò dé abúlé yìí rárá. Kúráǹ tiwọn dá wà, ó kú sójú ara ẹ̀. Ẹ lọ sọ ìyẹn fún ẹni tó jókòó sínú òkùnkùn kẹ́ ẹ gbọ́ èsì tó máa fún yín.

Àwọn mẹ́ta ló wá bá wa ní Porto-Novo, ṣẹ́fù abúlé, ìyá tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ obìnrin, àti tíṣà ọ̀dọ́ kan tó gbé lẹ́tà dání. Mo dọ̀bálẹ̀ kí bàbá àti ìyá, mo ní ẹ káàbọ̀ o, ṣé ọ̀nà dáa.

"Ọ̀nà dáa, ọmọ wa. Kúráǹ ni ò dáa." Ìyá ló dáhùn kí bàbá tó la ẹnu.

Ọjọ́ yẹn ni mo mọ̀ pé iṣẹ́ máa wà níbẹ̀. Lẹ́tà tíṣà kún ojú ìwé mẹ́rin ní èdè Faransé tó gún régé, ọmọ yẹn mọ̀wé, ṣùgbọ́n gbogbo nǹkan ayé ló wà nínú ẹ̀: Illoulofin, ìgbà tí pọ́tò SBEE máa dé, ìdídò Dogo tí wọ́n ti ń sọ fún wa láti ayé ìgbà yẹn pé wọ́n máa ṣe lórí odò Ouémé, mẹ́gáwáàtì 128 lórí ìwé, ṣé ìjọba fẹ́ràn Ketu àbí wọn ò fẹ́ràn ẹ̀, kí ló dé tí àwọn ìlú kan ní iná ojú títì. Ní ojú ìwé tó gbẹ̀yìn pátápátá, ní ìsàlẹ̀, ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé bátìrì kú.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò gbé e lọ bá dẹ́pútè agbègbè wọn. Ṣẹ́fù wo ilẹ̀, ó ní ọmọ mi, gbogbo ohun téèyàn bá sọ nílé báyìí ìbò ni wọ́n á ní ó ń bá kiri, a fẹ́ ẹni tí ò ní nǹkan láti gbà lọ́wọ́ wa. Ó bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n Onorábù fà sẹ́yìn díẹ̀ nígbà tí mo sọ fún wọn, wọ́n ní ṣé kò ní dà bíi pé àwọn wọ inú oko olóko. Mo rán wọn létí àbala 80 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ 1990, tó sọ pé dẹ́pútè kọ̀ọ̀kan ń ṣojú gbogbo orílẹ̀-èdè pátá ni, kì í ṣe ibi tí wọ́n ti dìbò fún un nìkan. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ìwọ náà ti ń fi òfin bá mi jà. Wọ́n gbà.

Ó wá ku irú ìbéèrè tí a máa béèrè. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gbọ́ lórí rédíò pé dẹ́pútè bi ìjọba léèrè, oríṣi mẹ́rin ni àbala 113 kà sílẹ̀, ibẹ̀ náà ló ti kọ́kọ́ sọ pé ìjọba gbọ́dọ̀ fún Ilé Aṣòfin ní gbogbo àlàyé tí wọ́n bá béèrè nípa iṣẹ́ rẹ̀. Ìkíní ni interpellation, ìyẹn lágbára jù, ó lè kan ààrẹ fúnra ẹ̀ bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè rán mínísítà wá dáhùn, Ilé sì lè fi ìmọ̀ràn ránṣẹ́ sí ìjọba lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ̀kejì ni question écrite, ẹ kọ ọ́, wọ́n á kọ èsì. Ẹ̀kẹta ni ti ẹnu, question orale, a lè jíròrò lórí ẹ̀ a sì lè má jíròrò, ṣùgbọ́n kò sí ìdìbò lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ̀kẹrin ni kí wọ́n gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí dìde. Ẹni tó bá ti jókòó sí Palais des Gouverneurs, ibi tí Ilé Aṣòfin ti ń jókòó, rí lọ́jọ́ ìbéèrè ẹnu á mọ̀ pé ìyẹn ló máa ń dùn jù, kámẹ́rà wà, àwọn oníròyìn wà, gbogbo ayé á gbọ́. Onorábù fẹ́ ti ẹnu. Tíṣà náà fẹ́ ti ẹnu.

Mo ní, "Onorábù, ẹ má bínú sí mi o. Tẹ́ ẹ bá dìde tẹ́ ẹ ní kí ló dé tí abúlé yìí ò ní iná, mínísítà á dìde náà, á ka mẹ́gáwáàtì fún yín. Á ní Illoulofin, á ní Maria-Gléta, á ní òfin iná mànàmáná tuntun tí a ṣe ní oṣù kẹrin 2020, á ní àjọ kan ń bọ̀, ètò kan ń lọ. Gbogbo ẹ̀ á sì jẹ́ òótọ́. Wọ́n á pàtẹ́wọ́, àwọn bàbá wọ̀nyí á padà sínú òkùnkùn."

Onorábù ní kí wá ni ká béèrè?

Èmi náà ò tíì mọ̀ ọ́n nígbà yẹn. Ìbéèrè kékeré kan tí mo bi ṣẹ́fù ló ṣí i sílẹ̀, mo ní bàbá, ọjọ́ tí wọ́n ṣí kúráǹ yẹn, ǹjẹ́ ẹ fọwọ́ sí nǹkan kan? Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n ní kóun wá jẹ́rìí, òun fọwọ́ sí i, wọ́n fún òun ní fótókópì kan, ó wà nínú àpótí tí ìwé ilẹ̀ òun wà. Tíṣà pe ọmọ bàbá lórí fóònù, ọmọ ya fótò ìwé náà ó fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp. Nígbà tó wọlé, mo rí ohun tó wà lórí ẹ̀ ní lẹ́tà gàgàrà: procès-verbal de réception provisoire.

Ẹ má jẹ́ kó sú yín, ọ̀rọ̀ ìwé ni ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ọ. Tí ìjọba bá gbé iṣẹ́ fún kọ́ńtíráátọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Àkọ́kọ́ ni provisoire, ìyẹn ni pé a ti rí i, ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n àwọn àtúnṣe báyìí báyìí ṣì kù. Láti ọjọ́ yẹn gàráńtì á bẹ̀rẹ̀ sí í ká. Tí gàráńtì bá pé tí gbogbo àtúnṣe sì ti wáyé, wọ́n á wá gbà á lẹ́ẹ̀kejì, définitive, ìgbà yẹn ni ọwọ́ kọ́ńtíráátọ̀ kúrò níbẹ̀, wọ́n á sì dá owó tí wọ́n mú lọ́wọ́ ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdógò padà fún un. Bí wọn ò bá gbà á lẹ́ẹ̀kejì, iṣẹ́ ò tíì parí, ọrùn kọ́ńtíráátọ̀ ló ṣì wà. Abúlé ti ń bẹ ìjọba bí ẹni ń tọrọ àánú, ó sì lè jẹ́ pé gbèsè ni wọ́n ń jẹ wọ́n!

Bí a ṣe rí ìyẹn, ìbéèrè yí padà. A jókòó yí tábìlì ká, àwọn mẹ́ta, èmi, Onorábù ń wọlé ń jáde. Tíṣà ò fẹ́ kí a yọ Dogo kúrò, ó ní ọ̀rọ̀ ọjọ́ iwájú Ketu ni, ó tiẹ̀ ń bínú, mo sì gbà pé ọ̀rọ̀ ńlá ni Dogo, igbó ìjọba tó wà níbẹ̀, ilẹ̀ tí omi máa bò, àwọn tó ń dáko lẹ́bàá odò, ó tó odidi ìbéèrè fúnra ẹ̀. Ìyá ló dá a lẹ́kun, ó ní "Tíṣà, ọ̀rọ̀ púpọ̀ ò kún agbọ̀n, ṣe bátìrì la bá wá àbí odò?" Òun náà ló ní ká fi owó káàdì kún un. Ó ní láti ọjọ́ tí kúráǹ ti dé àwọn obìnrin ń ra káàdì, ẹni tó ń ta omi dídì ló ń rà jù, níbo ni owó yẹn wà? Mo rí i pé ṣẹ́fù yíra padà lórí àga nígbà tí ìyá sọ bẹ́ẹ̀. Mi ò sọ nǹkan kan.

Ohun tó jáde kò kún ojú ìwé kan. A béèrè ọjọ́ tí wọ́n gba iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kejì, tí wọn ò bá tíì gbà á, kí ló fà á, àtúnṣe wo ló kù. A béèrè bóyá owó ìdógò kọ́ńtíráátọ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ìjọba. A béèrè ta ló ń ṣàkóso kúráǹ náà lábẹ́ dékẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àṣẹ ìjọba, 2018-415 ti 12 oṣù kẹsàn-án 2018, ìyẹn èyí tó ń darí iná àwọn ibi tí wáyà ńlá ò dé, kọ́ńtíráàtì wo ló fi wà níbẹ̀, ọjọ́ wo ló parí. A béèrè iye tó ti wọlé látinú káàdì àti àkáǹtì tó wà. Èyí tó gbẹ̀yìn, nígbà tí wọ́n ń ṣe ètò iṣẹ́ náà, níbo ni wọ́n kọ owó pípààrọ̀ bátìrì sí? Kò sí "ìgbà wo lẹ máa fún wa níná" níbẹ̀. Onorábù kà á, wọ́n ní ó gbẹ jù, kò ní adùn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n fọwọ́ sí i.

Ìjókòó tó ń ṣí ní oṣù kẹrin la fi sílẹ̀ fún. Ó gba ọ̀nà tó ń gbà, láti ọ́fíìsì ààrẹ Ilé lọ sọ́dọ̀ ìjọba, a sì dúró. Tíṣà ń pè mí títí, mò ń sọ fún un pé kò tíì dé, ó ti ń rò pé a ti jù ú sí kọ̀rọ̀. Mo ń rìn kọjá níwájú ibi tí wọ́n ń kọ́ Ilé Aṣòfin tuntun sí, èyí tí Diébédo Francis Kéré yàwòrán ẹ̀ láti ara igi tí àwọn àgbà ń jókòó sábẹ́ ẹ̀ dá ọ̀rọ̀, mò ń rò ó nínú mi pé lábẹ́ igi o, ẹni tó bá bi èèyàn léèrè ọ̀rọ̀ á rí ojú ẹ̀ bó ṣe ń dáhùn. Tiwa, ìwé ni a ń dúró dè.

Ó dé. Ojú ìwé méjì. Mi ò purọ́ fún yín, ojú ìwé àkọ́kọ́ jẹ́ ohun tí mo sọ fún Onorábù gẹ́lẹ́, Illoulofin, òfin 2020, ètò ìjọba fún ìgbèríko, ó pé pérépéré. Ṣùgbọ́n nítorí pé a ti to ìbéèrè lẹ́sẹẹsẹ, ẹni tó kọ èsì ní láti dáhùn lẹ́sẹẹsẹ náà, ojú ìwé kejì sì ni wúrà wà. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé wọn ò tíì gba iṣẹ́ náà lẹ́ẹ̀kejì, nítorí pé kọ́ńtíráátọ̀ ò ṣe àwọn àtúnṣe tí wọ́n kọ sílẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ sì mọ ohun tó wà lókè nínú àtúnṣe yẹn? Fèrèsé yàrá bátìrì. Ẹnì kan ti rí i lọ́jọ́ ewúrẹ́ yẹn pé yàrá yẹn máa móoru jù, ó kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n ti ìwé yẹn sínú fáìlì, bátìrì ń sè níbẹ̀ títí ó fi kú. Wọ́n ní owó ìdógò ṣì wà nílẹ̀. Wọ́n ní kò tíì sí ẹni tí wọ́n fi ṣe alákòóso gidi, ìgbìmọ̀ abúlé ló ń bójú tó o fún ìgbà díẹ̀ títí wọ́n á fi yan ẹni tó máa gbà á. Owó káàdì wà lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ abúlé. Fún bátìrì tuntun, wọ́n ní owó tí ìgbìmọ̀ bá ń pa ni wọ́n rò pé ó máa tó o.

Lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ abúlé!

Mo bá wọn lọ nígbà tí wọ́n fẹ́ ka èsì náà fún ìlú, torí ó di dandan. A gba Sakété, a gba Pobè, a dé Ketu, ọ̀nà Ìdìgní pupa bí epo. Èèyàn pọ̀. Tíṣà kà á ní Faransé, mo ń túmọ̀ ẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi fèrèsé, ariwo sọ, àwọn ọ̀dọ́ dìde, wọ́n ń bú kọ́ńtíráátọ̀ àti àwọn ọ̀gá Cotonou, ó dùn mọ́ gbogbo èèyàn nínú. Mo wá dé ibi owó káàdì. Ó dákẹ́ roro. Ìyá olórí obìnrin dìde, ó gbé gèlè ẹ̀ sọ́wọ́, ó ní, "Bàbá wa, ẹ má bínú, mi ò fi yín ṣe ẹlẹ́yà, ẹ̀yin lẹ jẹ́ olórí ìgbìmọ̀. Ẹ dákun, ẹ ka ti ọwọ́ yín náà fún wa."

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó jí owó. Ó dá mi lójú, mo wo ìwé ìṣirò owó wọn, akọ̀wé ìgbìmọ̀ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ ní pẹ́ńsù. Wọ́n fi tún pọ́ǹpù omi ṣe nígbà tó bàjẹ́. Wọ́n fi kún owó òrùlé kíláàsì kan tí ìjì ṣí. Wọ́n yá ẹnì kan tí ìyàwó ẹ̀ ń rọbí tó di dandan kí wọ́n gbé e lọ ọsibítù, kò tíì san án padà. Wọ́n fi ṣe àlejò àwọn ọ̀gá. Nǹkan tó dáa ni púpọ̀ nínú ẹ̀, ta ló máa ní kí obìnrin kú kí bátìrì lè wà? Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó sọ fún wọn rí pé owó yẹn ní orúkọ. Lójú tiwọn kúráǹ ti dé, owó tó ń wọlé lórí ẹ̀ owó ìlú ni. Àwọn tó gbé kúráǹ wá ní lọ́kàn pé owó bátìrì ni, wọn ò kọ ọ́ sí ibì kankan tí ṣẹ́fù lè kà. Mo rò ó títí, èmi ò dá ìgbìmọ̀ lẹ́bi tó bí mo ṣe dá ẹni tó gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ fún wọn láìfi ẹyọ ojú ìwé kan sílẹ̀ ní èdè tí wọ́n gbọ́. Tíṣà ò gbà pẹ̀lú mi, ó ní ẹni tó bá ń gba owó gbọ́dọ̀ béèrè ohun tí owó wà fún. A ṣì ń jiyàn ẹ̀.

Ṣẹ́fù ò bínú, ìyẹn yà mí lẹ́nu. Ó ní kí wọ́n yan àwọn obìnrin méjì kún ìgbìmọ̀, kí wọ́n sì ṣí àkáǹtì ní Ketu, kí ó má ṣeé gbà láìjẹ́ pé èèyàn mẹ́ta fọwọ́ sí i. Ìyá di ọ̀kan nínú wọn.

Ní ti kọ́ńtíráátọ̀, èsì ìjọba ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ọrùn ẹ̀ ló wà, kò ṣeé sẹ́ mọ́. Onorábù fi fótókópì èsì náà ránṣẹ́ sí àjọ tó gbéṣẹ́ fún un, pẹ̀lú lẹ́tà ìlà díẹ̀. Wọ́n pè é. Ó wá, ó kọ́kọ́ ní abúlé ló lo kúráǹ jù, wẹ́dà àti fíríìsà ló pa bátìrì, díẹ̀ nínú ẹ̀ sì jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n fèrèsé wà nínú ìwé, òun náà ló fọwọ́ sí i. Ó la fèrèsé sí yàrá náà lápá méjèèjì, ó gbé àwọn páànù kúrò ó fi àjà sí i, ó sì pààrọ̀ bátìrì. Ibẹ̀ ni ìjà tún wà: tíṣà ti kà nípa bátìrì lithium, èyí tí wọ́n ń pè ní LFP, tó lè pẹ́ ju ìlọ́po méjì ti olójé lọ tó sì fara da kí wọ́n lò ó dé ìsàlẹ̀, ó ní ìyẹn làwọn fẹ́. Kọ́ńtíráátọ̀ ní olójé ló wà nínú kọ́ńtíráàtì, olójé lòun máa gbé wá, kò sí bí èèyàn ṣe lè fi ìwé mú èèyàn kó má fi ìwé dáhùn. Olójé ló gbé wá.

Iná ti dé o. Wọ́n fi ẹnu kò pé wẹ́dà ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kí bátìrì lè rí oòrùn ìgbẹ̀yìn gbà, ó ráhùn, ó gbà. Fíríìjì ilé ìwòsàn ti ń gbé òru. Nínú owó káàdì kọ̀ọ̀kan apá kan ń lọ tààrà sí àkáǹtì Ketu, orúkọ tí wọ́n kọ sórí ìwé àkáǹtì náà ni "Owó Bátìrì". Apá ìsàlẹ̀ abúlé, lọ́nà odò, kò tíì ní pọ́tò títí di ìsinsìnyí, ìyẹn ò sí nínú ìwé tí wọ́n fọwọ́ sí, kò sì sí ẹni tí a lè fi mú. Alákòóso gidi náà, wọn ò tíì yàn án.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí tàn kálẹ̀, àwọn abúlé mìíràn ti ń wá, ẹnì kan láti apá Sabẹ, àwọn kan láti Adja-Ouèrè, oníkálukú pẹ̀lú fótò ìwé ẹ̀ lórí fóònù, provisoire, provisoire. Onorábù ní ó tó àkókò tiwọn báyìí, ti ẹnu ni, pẹ̀lú ìjíròrò, kámẹ́rà àti gbogbo ẹ̀, mo sì gbà, torí ohun tí a fẹ́ béèrè lẹ́tẹ̀ẹ̀kàn yìí kò ní ọ̀nà àbáyọ nínú mẹ́gáwáàtì: orúkọ gbogbo abúlé tó ní kúráǹ sólà tirẹ̀ nílẹ̀ Benin, ọjọ́ tí wọ́n gba iṣẹ́ níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kíní, ọjọ́ tí wọ́n gbà á lẹ́ẹ̀kejì, àti ibi tí owó bátìrì kọ̀ọ̀kan wà. Ìjókòó tó ń ṣí ní ìdajì kejì oṣù kẹwàá la ń tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ fún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní irú abúlé bẹ́ẹ̀, ẹ lọ wo inú àpótí ṣẹ́fù yín kó tó di ìgbà náà, kẹ́ ẹ sì ya fótò iwájú àti ẹ̀yìn ìwé náà, torí ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń kọ àtúnṣe sí.